Ta Ni Ká Fi sí Ẹnu-Ọ̀nà?

Ní oṣù kejì ọdún 2016, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá pákó ta ẹ̀ẹ́rún ìrókò kan sí Màmúdù lójú ọ̀tún. Ó fi ìka méjì fà á yọ, ó da omi inú ike sójú, ó nu ẹ̀jẹ̀ sára ṣòkòtò, ó sì fá pákó mọ́kànlá tó ṣẹ́kù. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ yẹn á ní akin ni. Ọ̀rọ̀ akin kọ́. Ó ti ṣírò rẹ̀ ni: ọsibítù á jẹ ọjọ́ iṣẹ́ méjì, ojú á sì san fúnra rẹ̀. Ojú ò san. Nígbà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀tún náà ò mọ̀ ju ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ. Màmúdù ò sọ fún ẹnì kankan. Ìdí tí kò fi sọ ni Ẹnu-ọ̀nà.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmúdù, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Ó gba òmìnira iṣẹ́ káfíńtà lọ́dún 1994, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi bọ́ sí Abuja. Nínú gbogbo àwọn tó ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì ní ọjà Kugbo, òun ni wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ àga wá bá, nítorí ó ní ẹ̀rọ kan tó ń yí igi bírí bí ó ti ń gbẹ́ ẹ. Ìka òsì rẹ̀ kan kò lórí mọ́, ayùn ló mú orí rẹ̀ lọ. Ó máa ń sọ pé ìka kan láàárín ogún ọdún, ọjà ọ̀hún ò wọ́n.

Lọ́dún 2009, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Olúṣèyí, tó ń gbé ní Nyanya, gbé ọ̀pá kan tó ti là wá bá a. Ó ní eré bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi í gbá, òun kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, òun sì ń wá ẹni tó lè gbẹ́ mẹ́wàá irú rẹ̀. Màmúdù gbẹ́ ẹ. Nígbà tó di ọjọ́ eré, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń fi igi tó dára tó bẹ́ẹ̀ ṣe. Ibi tó dúró sí tó ń wòran ni bọ́ọ̀lù kan ti kúrò lẹ́nu ọ̀pá, tó ń fò nílẹ̀ bọ̀ wá bá a. Ọwọ́ lásán ló fi gbá a mú. Bọ́ọ̀lù aláwọ ni, ó le bí òkúta, awọ àtẹ́lẹwọ́ Màmúdù sì bó. Ó wo ẹ̀jẹ̀, ó wo bọ́ọ̀lù, ó rẹ́rìn-ín. Kí ọdún tó parí, àwọn káfíńtà Kugbo ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, Olúṣèyí sì ti di kóòṣì wọn.

Eré náà kò ṣòro lóye. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi ọ̀pá gbá a, á sì sáré yí igun mẹ́rin ká. Béèsì ni wọ́n ń pe igun náà. Bí àwọn tó ń ṣọ́ pápá bá mú bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì jù ú dé béèsì ṣáájú ẹni tó ń sáré, wọ́n á lé e jáde. Èèyàn mẹ́rin ló ń ṣọ́ inú. Mẹ́ta wà nídìí béèsì kìn-ín-ní, ìkejì àti ìkẹta. Ẹ̀kẹrin ò ní béèsì kankan. Àlàfo tó wà láàárín ìkejì àti ìkẹta ló ń ṣọ́, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù sì ń wá jù, tòun ti agbára. Àlàfo yìí ni àwọn káfíńtà Kugbo sọ ní Ẹnu-ọ̀nà.

Àṣà kan sì wà ní Kugbo. Bí ọkọ̀ tó kó igi bá dé, ẹni tó kọ́kọ́ gba òmìnira ni yóò kọ́kọ́ mú. Òun á mú tirẹ̀ tán kí ẹni tó tẹ̀ lé e tó wọlé, bẹ́ẹ̀ ni títí dé orí ẹni tó gba òmìnira lánàá. Ẹnikẹ́ni kì í jiyàn sí i. Àṣà yìí ni wọ́n gbé wọ pápá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n á tò, kálukú á yan àyè rẹ̀ bí wọ́n ṣe gba òmìnira síra. Kóòṣì bá wọn jà sí i títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Màmúdù ló ṣáájú gbogbo wọn, Ẹnu-ọ̀nà ló sì ń yàn. Ọdún mẹ́fà gbáko, ọ̀rọ̀ náà ò fa ìjà, nítorí bí wọ́n bá fi ìbò mú un náà, òun ni wọn ì bá mú.

Ìgbà tí ojú ọ̀tún kú ni Ẹnu-ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Eré mẹ́ta, wọ́n fìdí rẹmi ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lóṣù kẹfà, lẹ́yìn tí àwọn tó lọ kírun ti dé, wọ́n pàdé lábẹ́ páànù Màmúdù láti sọ ẹni tí yóò máa bẹ̀rẹ̀ eré níbo. Eré Nyanya ku ọ̀túnla. Kóòṣì dé láti ibi iṣẹ́ ní Wuse tòun ti táì lọ́rùn, ó mú ìwé kan jáde.

“Bọ́ọ̀lù mọ́kàndínlógún ló wá sí Ẹnu-ọ̀nà nínú eré mẹ́ta,” ni ó wí. “Mẹ́jọ ló kọjá. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n gbà. Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí ẹ wá sí béèsì kìn-ín-ní, kí Àbdùlràhmọ̀n máa bẹ̀rẹ̀ ní Ẹnu-ọ̀nà.”

Àbdùlràhmọ̀n ń bẹ níbẹ̀, ó lóṣòó ti ìdí àga kan. Ọ̀dọ̀ Màmúdù ló ti kọ́ṣẹ́, kò tíì ju ọdún méjì lọ tó gba òmìnira. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, nǹkan kì í jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

“Ta ló kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́?” Màmúdù bi kóòṣì.

“Ẹ̀yin ni.”

“Ṣé ó ti wá di pé kó mú igi ṣáájú mi?”

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Láníyì dá sí i, “igi kì í sáré. Bọ́ọ̀lù ń sáré.”

Láníyì ló ń ṣọ́ béèsì kẹta, lápá ọ̀tún Màmúdù gan-an, gbogbo bọ́ọ̀lù tó kọjá ló ṣojú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú ju kísẹ́lì rẹ̀ lọ.

“Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ,” ni Màmúdù wí.

“Bọ́ọ̀lù kì í gbé orí pẹpẹ, ilẹ̀ ló ń gbà. Èyí tó kọjá lọ́dọ̀ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá bàbá mi á gbé e látorí àga. Ẹnu-ọ̀nà wo lẹ wí? Ẹ ti di fèrèsé, ẹ̀gbọ́n. Atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kóòṣì náà rẹ́rìn-ín, ó fi ìwé bo ẹnu. Láníyì mú bọ́ọ̀lù kan nílẹ̀, ó rìn lọ sí apá ọ̀tún Màmúdù, ó ní, “Ẹ gba eléyìí ká rí i,” ó sì fi í ránṣẹ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ju ọsàn sí ọmọ kékeré.

Màmúdù ò rí i. Ó bà á létí.

Ẹ̀rín náà bú gbàù. Ó ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Màmúdù na ọwọ́ sí ọ̀pá kan tó fara ti bẹ́ẹ̀dì, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Orí Láníyì ló fì í sí. Láníyì gbé apá sókè gbà á, egungun náà sì dún bí pákó gbígbẹ tí wọ́n fi orúnkún ṣẹ́. Láníyì ò pariwo. Ó fi orí kan Màmúdù láyà, àwọn méjèèjì ṣubú sáàárín àwọn àga tí wọn ò tíì kùn, ẹsẹ̀ àga mẹ́rin ló fọ́ lábẹ́ wọn. Ibi tí apá kan ti rọ̀ jọwọlọ, Láníyì ń fi ìkejì lu Màmúdù lẹ́nu. Àwọn tó fẹ́ làjà náà wá di oníjà. Ẹni tó ń ṣọ́ béèsì kejì gbá ẹni tó ń ṣọ́ tìkìn-ín-ní létí nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́dún tó kọjá. Ẹnì kan tẹ gíláàsì kóòṣì mọ́lẹ̀, ó fọ́. Àbdùlràhmọ̀n fi ara bo ọ̀gá rẹ̀, ọ̀pá tí ẹnì kan fì sì bà á lẹ́yìn, ó wú. Àwọn Hausa tó ń ru pákó ló sáré wọlé, wọ́n ń ké “Kai! Kai!”, wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn tú wọn ká.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ohun tí ìpàdé náà náni nìyí: apá Láníyì kan, gíláàsì kan, ètè mẹ́ta tó bẹ́, àga méjì. Kò sì sí ẹni tó tíì mọ ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní Ẹnu-ọ̀nà.

Àwọn àgbà ọjà gbọ́ ẹjọ́ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọsibítù ti fi pí-ó-pì di apá Láníyì, kò lè lo ayùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn àgbà ní Màmúdù ni yóò máa la gbogbo pákó rẹ̀ fún un títí apá náà yóò fi jiná. Ní ti Ẹnu-ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n gba igi lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ yàn. Àyè Màmúdù dúró. Àbdùlràhmọ̀n ni kó lọ dí àyè Láníyì ní béèsì kẹta.

Nílé Màmúdù, ní Nyanya, Mùlíkàt ìyàwó rẹ̀ gbé kọ́ọ̀pù ògì gbígbóná kalẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Màmúdù yí apá, ògì dà sí i nítan. Ó fò dìde.

“Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síbẹ̀ ni, Bàbá Shakirah,” ni Mùlíkàt wí. Kò dìde. “Látoṣù kẹrin ni mo ti mọ̀. Gbogbo ọrùn lẹ fi ń yí kí ẹ tó rí mi.”

“Tó o bá sọ fún ẹnikẹ́ni…”

“N ò ní sọ. Bọ́ọ̀lù á sọ ọ́.”

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, pápá náà kún. Àwọn ará Nyanya ti gbọ́ pé Kugbo ti lu ara wọn, wọ́n sì wá bí ajá tó gbóòórùn ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń sáré lọ sí béèsì nínú wọn, èjìká ló ń gbé síwájú. Wọ́n gbá ẹni tó ń ṣọ́ béèsì kejì ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan fi bàtà tẹ Àbdùlràhmọ̀n ní ọrùn ẹsẹ̀, ó tún bi í pé ṣé ó dùn. Láníyì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó so apá mọ́ àyà, ó ń bú gbogbo wọn, ti Nyanya àti ti Kugbo.

Ìgbà tí eré dé ìdajì, òmìrán kan láti Nyanya gbá bọ́ọ̀lù kan. Kò kan ilẹ̀. Ó ń bọ̀ ní gígùn bí ìṣó tí òòlù ta dànù, àárín béèsì kẹta àti Ẹnu-ọ̀nà ló dojú kọ. Àbdùlràhmọ̀n ti gbéra, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan péré ló kù kó hán an. Ó wá rí i pé iwájú ọ̀gá òun ni òun ń gbà kọjá. Ó dúró. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, bí a ti ń fa ọwọ́ kúrò nínú àwo kí àgbà kọ́kọ́ mú ẹran.

“Tiyín ni, ọ̀gá,” ni ó wí.

Màmúdù yí ojú síbi tí ohùn ti wá, ojú tó ríran ò tíì yí dé nígbà tí bọ́ọ̀lù fọ́ ọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún.

Ó ṣubú bí igi tí wọ́n gé. Ẹni méjì láti Nyanya sáré kọjá lára rẹ̀ wọlé, kí adájọ́ eré tó fun fèrè. Nígbà tí Màmúdù dìde jókòó, ó tu eyín méjì sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò wọ́n, ó fi wọ́n sápò. Lẹ́yìn náà ló dìde dúró, ó rìn tọ Àbdùlràhmọ̀n lọ, ó gbá a mú lọ́rùn ẹ̀wù.

“Ṣé o rí bọ́ọ̀lù yẹn?”

“Mo rí i, ọ̀gá.”

“Ṣé ọwọ́ rẹ tó o?”

“Ó tó o.”

“Kí ló dá ọ dúró?”

“Tiyín ni.”

Màmúdù gbá a ní ìkúùkù nímú. Ẹ̀jẹ̀ ya. Àbdùlràhmọ̀n ò gbé ọwọ́ sókè, kò sì yẹ̀. Màmúdù gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ó tún dúró gbà á. Ìkẹta ti wà lókè nígbà tí Màmúdù wo ọmọkùnrin náà dáadáa: bó ṣe dúró de ìkúùkù yìí náà ló ṣe dúró lójú bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa dúró títí bọ́ọ̀lù yóò fi pa ẹnì kan. Òun náà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ọdún márùn-ún ló fi kọ́ ọ.

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó yíjú sí àwọn tó kù.

“Ta ló kọ́kọ́ gba òmìnira níbí?” Ẹ̀jẹ̀ ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já geere.

“Ẹ̀yin ni,” ni wọ́n wí.

“Ta ló ń kọ́kọ́ yàn?”

“Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Mo yan bẹ́ǹṣì. Ó kàn yín.”

Ẹni tó ń ṣọ́ béèsì kìn-ín-ní wo kóòṣì, ó wo Màmúdù. Ó ní ibi tí òun wà tẹ́ òun lọ́rùn. Ti béèsì kejì ní òun náà ò kúrò níbi tí òun wà. Ó wá kan Àbdùlràhmọ̀n, ẹni tó ń yàn kẹ́yìn. Ẹnu-ọ̀nà ló ṣófo. Màmúdù bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi gbá a láyà, ó sì kúrò lórí pápá. Kóòṣì wá ẹlòmíì fi sí béèsì kẹta.

Màmúdù jókòó sí òsì Láníyì. Láníyì fi ẹsẹ̀ tì í.

“Ẹ bọ́ sí ọ̀tún mi, kí ẹ lè máa rí ẹni tó ń bú yín.”

Màmúdù dìde, ó bọ́ sí ọ̀tún. Ojú kan ti kú, ìkejì ń wú bọ̀. Ó gbọ́ tí ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, ó gbọ́ tí ara gbá ara, tí ẹnì kan sì kérora nínú eruku.

“Ó mú un?”

“Ẹ dákẹ́ ná.” Láníyì na ọrùn. “Wọ́n gbá a ṣubú. Ó ti dìde. Ó mú un o. Imú rẹ̀ ń kán sórí bọ́ọ̀lù.”

“Ó jù ú?”

“Ó jù ú. Wọ́n ti lé ẹni yẹn jáde.”

Màmúdù fi ahọ́n kan ibi tí eyín rẹ̀ ti wà.

“Pákó mẹ́rìnlá ló ń dúró dè yín lọ́la,” ni Láníyì wí. “Mo fẹ́ ẹ ní tààrà.”

“Mo gbọ́,” ni Màmúdù wí.