Àpasà Mi àti Àwo Bàbá Rẹ

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni, ọmọ mi tó ń pe èmi ìyá rẹ̀ ní Iye, mo sì mọ̀ pé o máa fẹ́ gbè é.

Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja, tó kó padà wá bá mi ní Kabba, n kò sinmi mọ́. Ẹlòmíràn fẹ̀yìn tì, ó gbin kajú. Tèmi kó páálí àwo orin wá. Orin jáàsì ni, orin àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Fèrè ni wọ́n ń fọn ṣáá, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tí ènìyàn lè dá lóhùn. Mo ní kò burú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwo kan náà ló ń tún rà.

"Èyí tí wọ́n ya ẹni tó gbé fèrè sẹ́nu sí lára, ṣebí o ti ní i?"

"Iye, ti àtijọ́ nìyẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún èyí tẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ mọ́ jù, ó sì wúwo. Ẹ gbé e wò."

Mo gbé e. Ó wúwo lóòótọ́. Ọlọ ata mi náà wúwo, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní.

Inú yàrá yẹn náà ni òfì mi wà, òfì tí àwa obìnrin ilẹ̀ yìí ń gbé dúró ti ògiri. Aṣọ ìgbéyàwó rẹ ló wà lórí rẹ̀, ìwọ tó ń kọ̀wé yìí. Nílé wa, ìyá bàbá ló ń hun aṣọ tí ìyàwó máa ró jáde, wọn kì í rà á lọ́jà. Bàbá rẹ wá gbé tábìlì ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àwo ti ògiri kan náà! Bí mo bá ti fi àpasà, igi pẹlẹbẹ mi, lu òwú kó lè fún, gbì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á fò lórí àwo.

"Iye, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra lù ú."

"Kí n rọra, kí aṣọ ọmọ rẹ dà bí asẹ́? Gbé tábìlì rẹ kúrò níbẹ̀."

"Ibí yìí ni ohùn ti ń jáde dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ojú àwo kan tán ná."

Ni mo bá ń dúró. Bí ojú kan bá tán, á mú àwo, á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Àárín ìgbà yẹn ni mò ń hun. Èmi tí mo ń gbálẹ̀ láràárọ̀ wá ń gbàdúrà kí eruku pọ̀ sí i. Ṣé ayé nìyẹn?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn àna wa wá láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, wọ́n mú ọjọ́. Ọjọ́ náà kò jìnnà, aṣọ sì ṣì ku ìwọ̀n apá kan. Bí wọ́n ṣe ń lọ báyìí, bàbá rẹ tún gbé àwo sórí ẹ̀rọ, ó bọ́ síta lọ mumi. Mo fa àpasà yọ. Gbì, gbì, gbì. Fèrè ń ké bí ewúrẹ́ tí okùn fún lọ́rùn. Ó sáré wọlé.

"Iye! Ẹ ti ba àwo mi jẹ́!"

"Ọmọ ta ló ń lọ sílé ọkọ?"

Ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò, ó jókòó sórí páálí, ó káwọ́ lérí. Mo hun ún tán. Òun náà ló bá mi di etí aṣọ mú nígbà tí mo ń gé e kúrò lórí òfì. Mo ní ó ti gbọ́n.

Lánàá, ó gbé páálí kan bọ̀ láti gáréèjì. Ẹni tó gbé fèrè sẹ́nu ni! Ó ní àpasà mi ti ha àwo ti tẹ́lẹ̀.

Aṣọ rẹ wà nínú àpótí mi. Tètè wá gbé e, kí bàbá rẹ tó rí i pé àpótí náà gba àwo.