Igi Ìdáná Tó Dínkù Lórí Ìwé

Ọmọ Ìfọ́n ni Ìbísọ́lá, Ìlobù ló sì ti lọ́kọ. Kí rògbòdìyàn ilẹ̀ tó dé, ẹnikẹ́ni kì í bi í pé ọmọ ibo ni, nítorí ìlú méjèèjì fara kan ara wọn débi pé àlejò kì í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ilé jóná níhà ọ̀tún àti níhà òsì, tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, ni ojú tí wọ́n fi ń wò ó tó yí padà. Bó bá dé Ìfọ́n, wọ́n á ní ìyàwó ará Ìlobù ti dé. Bó bá padà sí Ìlobù, wọ́n á ní ọmọ Ìfọ́n ti dé.

Òṣogbo ló ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò ohun tí ará ìlú fi ń dáná àti ohun tí wọ́n fi ń tanná: igi, èédú, kẹrosíìnì, gáàsì, iná mànàmáná. Òun àti àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ a máa wọ ilé dé ilé, wọn a máa béèrè iye igi tí ìyá ilé fi ń se oúnjẹ lọ́sẹ̀. Ìyá mìíràn á rò pé ìrànwọ́ ń bọ̀, á ní òun ò tilẹ̀ ní igi kankan. Òmíràn á rò pé owó orí ni, á ti ilẹ̀kùn. Ìbísọ́lá mọ bí wọ́n ṣe ń fi sùúrù bá wọn sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn ún nínú iṣẹ́ náà ni pé àwọn tó ń lo ìṣirò wọn kì í béèrè bí wọ́n ṣe rí i.

Nítorí náà, inú rẹ̀ dùn nígbà tí àṣẹ dé láti Àbújá pé ìṣirò kankan lórí ìdáná àti iná kò ní jáde mọ́ láìní ìwé àlàyé tirẹ̀. Irú ìwé kan náà ni gbogbo ìpínlẹ̀ máa kọ: ibi tí ìṣirò ti wá, àwọn tí wọ́n bi léèrè, àwọn tí wọn ò rí bi àti ìdí rẹ̀, pẹ̀lú ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó jọ pé òótọ́ fẹ́ máa bá ìṣirò rìn. Ọkọ rẹ̀ ní kó má tíì jó, ìlù ò tíì dún.

Ìwádìí dé Ìfọ́n. Orúkọ ilé tó wà lọ́wọ́ wọn jẹ́ ti àtijọ́, kí ìjà tó ṣẹlẹ̀. Kingsley, ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán lọ, dé àdúgbò kan, ó bá ògiri dúdú láìsí òrùlé, ó dé òmíràn, bákan náà ni. Ẹ̀rọ tó gbé lọ́wọ́ láti fi gba èsì sílẹ̀ kò sì gbà ju ìdáhùn mẹ́ta lọ fún ilé tí wọn ò rí ẹni bi: onílé kò sí nílé, onílé kọ̀, tàbí a kò rí ilé. Kingsley tẹ “a kò rí ilé” fún gbogbo wọn. Kí ni ì bá tún ṣe? Ẹ̀rọ yọ wọ́n kúrò, ó fi àwọn tó kù ṣírò. Àwọn tó kù sì ni àwọn tí ilé wọn wà lójú títì, tí wọ́n ní ṣítóòfù gáàsì nílé. Báyìí ni iye igi ìdáná ṣe já wálẹ̀ lórí ìwé ní Ìfọ́n.

Inú Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí tó jẹ́ ọ̀gá wọn dùn púpọ̀. Ó ní irú ìlọsíwájú tí ìjọba ń fẹ́ gbọ́ nìyí. Ìbísọ́lá yẹ orúkọ àwọn ilé tí ẹ̀rọ yọ wò. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Gbádé, wà lára àwọn ilé tí wọ́n ní wọn ò rí.

Ọjọ́ Sátidé, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, níbi tí Gbádé àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé nínú yàrá kan tí àna wọn yọ̀ǹda fún wọn. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń la igi lẹ́yìnkùlé. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ṣàlàyé pé òun fẹ́ kọ ohun tí wọ́n fi ń dáná sílẹ̀ kí òun lè fi ti ọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn. Gbádé kò gbé àáké sílẹ̀.

“Nígbà tí mo nílé, ẹ kà mí, kò sí ohun tó tìdí rẹ̀ yọ,” ni ó wí. “Ní báyìí tí mi ò nílé, kí lẹ tún fẹ́ kà?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹ ò lo igi mọ́.”

Gbádé wo òkìtì igi tó ti là, ó wo àbúrò rẹ̀, ó sì ń báṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, Ìbísọ́lá jókòó ti ìwé àlàyé náà. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdí kò ju bíńtín lọ. Ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ títí tó fi gba àyè náà: “Ilé wọ̀nyí kò sọ nù, wọ́n jóná ni. Àwọn onílé wà láàyè, igi ni wọ́n sì fi ń dáná. Ẹ má fi ìṣirò yìí wé ti tẹ́lẹ̀.”

Kò pẹ́ tí Afọlábí fi ránṣẹ́ pè é. Kò pariwo mọ́ ọn. Ó ní ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́ta inú ẹ̀rọ ni ìwé náà fẹ́, pé bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń kọ ìtàn tirẹ̀, kò ní ṣeé fi wéra mọ́.

“Ṣé torí kó lè ṣeé fi wéra la ṣe máa kọ irọ́, sà?” ni Ìbísọ́lá bi í.

Afọlábí rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ìyáàfin, bí mo bá fi èyí ránṣẹ́, wọ́n á béèrè ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n á gbọ́ pé ọmọ Ìfọ́n ni. Ta ló máa gbà pé kì í ṣe ìjà lẹ fi ìwé jà?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá a lápá. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí orí rẹ̀ kò tíì ní ewú, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ìlú rẹ̀ rí kó tó gba ìṣirò ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò ní buwọ́ lù ú bí wọ́n bá yọ àlàyé náà. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì gbé ìwé náà fún Kingsley. Ọmọ náà buwọ́ lù ú, ó wá bá Ìbísọ́lá kó tó lọ sílé, ó dọ̀bálẹ̀, kò sì lè wò ó lójú. Ìbísọ́lá ní kó dìde, pé òun mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìṣirò jáde. Rédíò kà á pé àwọn ará Ìfọ́n ti ń fi igi sílẹ̀. Kò pẹ́, àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní Àbújá kọ̀wé padà pé kí ló mú kí igi ìdáná já wálẹ̀ tó báyẹn ní Ìfọ́n. Afọlábí fúnra rẹ̀ gbé ìbéèrè náà wá sí tábìlì Ìbísọ́lá, ó ní kó bá àwọn dáhùn. Ó dáhùn, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi bò. Ó ń retí pé wọ́n á fa ìṣirò náà sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀ ìwé, ní lẹ́tà wínníwínní: “Àwọn ilé díẹ̀ kò ṣeé dé lásìkò ìwádìí.” Ìṣirò wà bó ṣe wà. “Díẹ̀” yẹn ló bí i nínú jù lọ.

Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún orúkọ ilé kọ kí ìwádìí tó kàn tó dé. Wọ́n ní kò sí àyè, àfi bí wọ́n bá tún ti gbogbo orílẹ̀-èdè kọ.

Nígbà tí ìwádìí tún yí ká, ó gbé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ó tún lọ sí Ẹ̀rìn. Lọ́tẹ̀ yìí Gbádé jókòó, ó sì dáhùn gbogbo ohun tó bi í. Ìbísọ́lá tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ tán, ẹ̀rọ ní ilé náà kò sí nínú àkọsílẹ̀, kó padà. Ó tún un tẹ̀. Èsì kan náà ni. Ó pa á, ó tì í sínú báàgì. Ìyàwó Gbádé ń fẹ́ iná lọ́wọ́, òjò ti pa igi náà, èéfín sì bo ojú gbogbo wọn. Ìbísọ́lá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ.