Gìtá tí Bàbá Mi Fi Ọ̀dà Páìpù Kùn

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní Rumuomasi, ó ṣòro kí ẹ tó rí nǹkan nínú ilé wa tí bàbá mi kò tíì fi ọ̀dà kùn. Iṣẹ́ tó gbé e wá sí Port Harcourt náà nìyẹn: ilé iṣẹ́ epo ló wà, àwọn páìpù ló sì ń kùn kí wọ́n má baà dógùn-ún. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ dàgbà síbí mọ òjò wa. Ó lè rọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí aṣọ tí a sá sínú ilé má sì gbẹ. Lójú bàbá mi, ọ̀rinrin ni ọ̀tá, ọ̀dà ni oògùn rẹ̀. Ó kun géètì, ó kun ẹsẹ̀ fíríìjì, ó kun àga ìdáná. Màmá mi a máa sọ pé bí òun bá jókòó pẹ́ jù lójú kan, ọkọ òun á kun òun náà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní gìtá kan nígbà náà, èyí tí àbúrò màmá mi rà fún un ní ọjà Mile One. Kì í ṣe gìtá oníwáyà. Igi lásán ni, okùn mẹ́fà, ihò róbótó kan níwájú. Ojú rẹ̀, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ okùn, fẹ́lẹ́ débi pé bí mo bá fi ìka kàn án, ó máa dáhùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í dáhùn tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ nítorí pé mo máa ń kan ibi gbogbo lára rẹ̀, kí n lè mọ ibi tó ń dún jù.

Ìkórè ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́dún kan, wọ́n sì yan ẹ̀gbọ́n mi láti ta gìtá sí orin àwọn ọmọdé. Ó ti ń retí ọjọ́ náà tipẹ́. Àmọ́ òjò pọ̀, àmì funfun bíi ti búrẹ́dì tó ti bu sì hàn lára gìtá. Ẹ̀rù ba bàbá mi pé ó máa bàjẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Ó tú okùn rẹ̀, ó gbé agolo ọ̀dà páìpù jáde, ó kùn ún níwájú, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó jẹ́ kó gbẹ, ó tún un kùn. Nígbà tó parí, gìtá ń dán bí mọ́tò tuntun. A pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tí wọ́n so okùn padà tí ẹ̀gbọ́n mi ta á, a wo ara wa lójú. Ó dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Aládùúgbò wa kan, obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Ikwerre, ọmọ onílẹ̀ àdúgbò náà, yọ orí lójú fèrèsé.

“Una guitar get catarrh? Make una give am medicine o!”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ẹ̀gbọ́n mi.

Bàbá mi ní ká jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ó gbẹ, kò yí padà. Níbi ìdánrawò, màmá tó ń darí orin àwọn ọmọdé dá orin dúró.

“Ọmọ mi, ṣé ó rẹ ìka ẹ ni? Mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

“Mo ń ta á gan-an, mà.”

“Ó dáa. Bí mi ò bá gbọ́ ẹ níbi ìdánrawò ìkẹyìn ní Sátidé, kíbọ́ọ̀dù la máa lò. Má bínú o.”

Bí a ṣe ń lọ sílé, ẹ̀gbọ́n mi ń wo ìka rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé ìka òun ni. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Bàbá mi kò gbà pé ọ̀dà ló fà á, àlàyé rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. “Inú ihò yẹn ni ohùn ń gbà jáde,” ó ní. “Ṣé mo dí ihò ni?” Kò dí i lóòótọ́. Àmọ́ mo rò ó, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ṣeé dán wò. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa ta okùn, mo fi páálí bo ihò. Ohùn tó nípọn dín kù, ṣùgbọ́n gìtá ṣì ń dún. Mo mú páálí kúrò, mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì mọ́ ojú pákó. Ìwọ̀nba ohùn tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ó jọ pé pákó ló ń dá orin, ihò kàn ń gbè é ni.

Ẹ̀rí kan kò tó mi. Mo bu gààrí díẹ̀, mo wọ́n ọn sójú gìtá. Bí pákó bá ń gbọ̀n, gààrí á jó. Ẹ̀gbọ́n mi ta okùn. Gààrí jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù gígùn.

“Ta ló ń fi gààrí mi ṣeré?” Màmá mi ti dé.

“A ò ṣeré, mà. Gìtá là ń yẹ̀ wò.”

“Ebi ló ń pa gìtá?”

Ariwo yìí ló gbé bàbá mi wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo gààrí. “Ta á lẹ́ẹ̀kan sí i.” Ẹ̀gbọ́n mi ta á. Bàbá mi ní, “Mi ò kun ohun tó ń kọrin rí.”

Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́, ó jókòó sí fàráńdà láti ha ọ̀dà kúrò. Ojú nìkan ni a fẹ́ ha. Pákó náà fẹ́lẹ́. Bí ọwọ́ bá ṣì, kò ní sí gìtá rárá. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè wò ó, ó lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé. Bàbá mi fi àfọ́kù gíláàsì ha á bí àwọn káfíńtà ṣe ń ṣe, okùn kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Bó bá ha á díẹ̀, èmi á wọ́n gààrí, èmi á ta okùn. Gààrí kò mira. Ó tún ha á. Nígbà tó yá, gààrí ta pọ́n-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó ń sá kúrò níbì kan, ó ń kóra jọ síbòmíràn. Bàbá mi pariwo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni mo kà pé wọ́n máa ń lẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ abẹ́ ojú gìtá, àti pé ibi tí wọ́n bá lẹ̀ wọ́n sí wà lára ohun tó ń pinnu ibi tí pákó á ti gbọ̀n.

Ní Sátidé, màmá olórin rìn lọ sí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó. “Ó yá, ta á.” Ẹ̀gbọ́n mi ta á.

“Háà! Ìwọ ọmọ yìí, má dí mi létí o! Ẹ gbé kíbọ́ọ̀dù yẹn padà.”

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Mi ò lè búra pé ọ̀dà nìkan ló fà á. Okùn tuntun la so mọ́ ọn lẹ́yìn tí a ha á tán, okùn tuntun sì máa ń dún ju ògbólógbòó lọ. Ṣùgbọ́n gààrí ti jó kí okùn tuntun tó dé. Ìyẹn ni mo dì mú.

Nǹkan ti yàtọ̀ báyìí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, gìtá onígi ti ní wáyà nídìí, bí ohùn bá sì kéré, ẹnì kan á yí bọ́tìnnì. Ó rọrùn, mi ò ní parọ́ pé tiwa dára jù. Àmọ́ láìpẹ́ yìí, iná lọ láàárín orin, ọmọbìnrin tó ń ta gìtá sì gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn. Mo bi í pé kí ló dé.

“Àǹtí, light don go na.”

Mo ní kó máa ta á lọ. Ó ta á, gìtá sì dún láìsí iná. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí wálẹ̀, ó ń wo ojú pákó náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀.