Ọkọ Ìyá Mi Tó Ń Gbé Inú Odò

Mo ń ṣa ẹ̀wà lówùúrọ̀ àná nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin gbé fóònù dé. Oríṣiríṣi ibi ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé orúkọ ọ̀nì ti wá, ó sì fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹ̀rín pa mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní àdúgbò wa, Ladjifarani, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ, ìbéèrè yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìrìn àjò mi jẹ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí ayé Kámáráàdì, tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa bẹ́ẹ̀, títí kan olùkọ́, tí a ń ro oko iṣu ilé ẹ̀kọ́ títí ọwọ́ fi ń bó. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa pín ẹranko fún wa: kí a lọ bi àgbà ilé ohun tí wọ́n ń pè é, àti ibi tí orúkọ náà ti wá. Ẹni tí kò bá mú èsì wá yóò ro oko ní Sátidé. Faransé ló fi pe tèmi, ó sì ya á sójú pátákó, teyínteyín. Sátidé náà gan-an sì ni èmi àti ìyá mi fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ṣábẹ̀, ìlú bàbá mi. Mo ti ń gbọ́ òórùn ẹ̀pà sísè tí wọ́n máa ń nà sí èrò lójú fèrèsé.

Bàbá mi, tó ń wa kámíọ̀, kò sí nílé. Ìdílé wọn kì í jẹ ẹranko yìí, ará ilé ni wọ́n kà á sí. Ìyàwó kì í sì í dárúkọ ará ilé ọkọ tó bá níbẹ̀. Ìyá mi kò gbójú kúrò lórí ata tó ń lọ̀. Ó ní, “Ọkọ mi ni. Mo bá a nílé ni.”

Bí mo ṣe jẹ́ iṣẹ́ náà ní kíláàsì nìyẹn: ọkọ ìyá mi ni, inú odò ló ń gbé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi ṣubú. Ọmọbìnrin kan bi mí pé ta ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un lódò. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní ìgbàgbọ́ asán ti tán nílùú; kí ìyá mi wá dárúkọ ẹranko náà níwájú wa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, oko ni mo ń lọ.

Ìyá mi wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Ó wá bi í pé, “Kámáráàdì, kí ni ìyàwó yín ń pe bàbá yín?”

“Bàbá.”

“Ṣé kò mọ orúkọ wọn ni?”

Olùkọ́ kọjú sí pátákó, ó rọra nu ẹranko náà kúrò láti ìrù dé eyín, ó ní kí n lọ jókòó.

Ní Ṣábẹ̀, ẹ̀pà ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Ọmọ ilé ni, ó lè pè é. Ó ní ọ̀nì ni. Mo bi í níbi tí orúkọ náà ti wá. Ó ní, “Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ sún mọ́ ọn létí odò láti ṣàlàyé rẹ̀ fún un. A kò rí i mọ́.”

Lónìí, ojú irin ti dógùn-ún, ọmọ kì í ro oko ilé ẹ̀kọ́ mọ́, fóònù sì ti di àgbà ilé. Mo sọ èsì ẹ̀gbọ́n bàbá mi fún ọmọ mi. Ó na fóònù sí mi, ó ní:

“Màmá, a jẹ́ pé àwọn tó kọ eléyìí kò tíì dé etí odò.”