Ahánbọ́ọ̀lù Tí Kò Dágbére

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan dé sórí fóònù gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mo ń ti Romford bọ̀ wá sílé ní Marks Gate, ní apá ìlà oòrùn London, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́ kan tí mo ti mọ̀ pé n kò ní rí gbà. Mo ṣí fóònù. Ahánbọ́ọ̀lù wa àtijọ́ ló kọ̀wé sínú gúrúùpù àwa olólùfẹ́ tíìmù: "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹbí mi. Mo fẹ́ padà wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ó fi àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé pọ̀ sí i nídìí.

Mo pariwo. Obìnrin tó jókòó níwájú mi yíjú wò mí, mo sì bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé ariwo yẹn dáadáa, torí kì í ṣe ayọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ayọ̀ ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà lábẹ́ ayọ̀ náà, ìbínú kékeré kan sì wà lábẹ́ ẹ̀rù, èyí tí mo ti rò pé ó ti kú.

Ó yẹ kí n sọ irú bọ́ọ̀lù tí mo ń wí. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni tiwa, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù. Ó gùn, ó sì ṣe ṣóńṣó lórí àti nídìí, ìyẹn ni àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ń pè é ní ìbẹ́pẹ. Ajubọ́ọ̀lù á jù ú, ahánbọ́ọ̀lù á sáré tẹ̀lé e, á sì fọwọ́ hán an kí ó tó kanlẹ̀. Bó bá kanlẹ̀, òfò ni.

Ọmọ ló sọ àwọn Aládùúrà Dagenham di èrò ẹ̀gbẹ́ pápá irú eré bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ajubọ́ọ̀lù tíìmù náà. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ lọ wò ó, ó rí i tí àwọn géńdé wó lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó sì ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" tó bẹ́ẹ̀ tí réfírì fi fọn fèrè. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kó àwọn ìyá mìíràn wá kí wọ́n wá bá òun gbàdúrà. Àdúrà ni wọ́n bá wá. Nígbà tó yá, eré náà wọ̀ wọ́n lára. Báyìí, bí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán lọ́jọ́ Ìsinmi, pápá ló kù. Àwọn mìíràn kì í bọ́ sùtánà, wọn á kàn wọ bàtà òjò sábẹ́ rẹ̀. Ìyá ajubọ́ọ̀lù á gbé kúlà ìrẹsì dání, òyìnbó, aláwọ̀ dúdú, gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ń jẹ níbẹ̀.

Inú ilé kan náà ni èmi àti ahánbọ́ọ̀lù yẹn dàgbà sí ní Marks Gate. Ó jù mí lọ díẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ mú mi wọ bọ́ọ̀sì lọ wo eré. N kò mọ̀ ọ́n ṣe, n kò sì fẹ́ ṣe é, mo kàn fẹ́ràn láti dúró síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti pè ẹ́ síṣẹ́?" Ó ní ọwọ́ tí Ọlọ́run fi sùúrù dá. Bí ìbẹ́pẹ bá ti kúrò lọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù, a kì í wò ó mọ́. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi là ń wò.

Lẹ́yìn náà ló lọ. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n parí ìdíje ọdún yẹn, la bá rí àwòrán rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú aṣọ tíìmù ńlá kan ní apá ìwọ̀ oòrùn London. Kò sẹ́ni tó bínú pé ó lọ. Ọmọ á lọ, a mọ̀. Èyí tó dùn wá ni pé kò dágbére. Ìyá ajubọ́ọ̀lù ti bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, pẹ̀lú itan adìẹ tó fẹ́ràn, oúnjẹ náà sì tutù sínú abọ́. Èmi náà wà lára àwọn tí kò dágbére fún. Mo máa ń sọ pé kò dùn mí. Irọ́ ni.

Kóòṣì, òyìnbó ọmọ bíbí Dagenham, kò fẹ́ dá pinnu bóyá kó gba ọ̀rẹ́ mi padà. Ó sọ fún Alàgbà, ẹni tó jẹ́ olórí àwa èrò ẹ̀gbẹ́ pápá, pé kí a sọ ohun tí a bá fẹ́ kó tó di ọjọ́ Ìsinmi. Kò fẹ́ gbé ẹnikẹ́ni wọ pápá kí àwọn ìyá máa wá hó lé e lórí.

Nítorí náà, lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́rú, a jókòó sí yàrá ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì ní Heathway. Ìyá ajubọ́ọ̀lù kò tilẹ̀ jẹ́ kí Alàgbà ṣí ìpàdé.

"Fóònù ló fi bẹ̀ mí," ó ní. "Ẹ bá mi bi í. Ṣé fóònù ló máa bá a dọ̀bálẹ̀ ni?"

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí wọ́n bí síbí, ó ń kàwé ní yunifásítì, kò sì sí ohun tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Mọ́mì, ó fi ọwọ́ àdúrà sí i nídìí o."

"Ọwọ́ wo? Ọwọ́ aláwọ̀ ọsàn yẹn? Ọwọ́ ta nìyẹn? Ṣé ọwọ́ ọmọ Yorùbá máa ń rí bẹ́ẹ̀ ni?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Alàgbà nu ojú rẹ̀. Ìjẹ̀bú ni, bọ́ọ̀sì ló ń wà, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kéde ibùdókọ̀ tó kàn. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ta ló hán ìbẹ́pẹ?"

"Kò sẹ́ni tó hán an. Ọmọ mi ń jù ú, ilẹ̀ ló ń hán an."

"Ẹ̀hẹ̀ẹ́n!"

"Ẹ̀hẹ̀ẹ́n kí ni? Ilẹ̀ kì í sá fún èèyàn. Ibi tí mo bá fi ilẹ̀ sí ni mo ti ń bá a."

"Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò lè gba àmì ayò fún wa, Mọ́mì," ọmọbìnrin náà ní.

"Ahánbọ́ọ̀lù yẹn náà kò ní lè gbà á," Alàgbà dáhùn, bó ṣe máa ń yí padà láàárín ọ̀rọ̀ kan. "Mo rí fídíò rẹ̀. Ó ń sáré bí ẹni tó fẹ́ bá bọ́ọ̀sì mi lẹ́yìn tí mo ti tilẹ̀kùn."

"Alàgbà, ẹ̀yin náà kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni!"

"Òfin iṣẹ́ ni! Ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀, kó tètè dé!"

Wọ́n pariwo títí, àwọn kan ń ka gbogbo bọ́ọ̀lù tó ti hán rí, àwọn kan ń sọ pé ẹni tó bá sá lẹ́ẹ̀kan yóò tún sá. Ara mi gbóná. Mo fẹ́ràn ariwo yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, torí pé orí ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n ń pa á lé, wọn kì í sì í pariwo báyìí nítorí ẹni tí wọ́n ti gbàgbé. Mo dìde. Mo ní mo rò pé ó kábàámọ̀, pé mo mọ̀ ọ́n, pé bí ó bá dà bí ẹni tí kò bìkítà, ìtìjú ló ń ṣe é. Mo ṣàlàyé ìtìjú náà títí ọmọbìnrin yẹn fi ní, "Brọ̀, ó ti yé wa."

Ìyá ajubọ́ọ̀lù wò mí. "Ṣé ìwọ ni ẹlẹ́bẹ̀ rẹ̀? Ó dáa. Sọ fún un kó wá fojú kàn mí lọ́jọ́ Ìsinmi. Kó mú àgbà dání. N kò tíì ní mo gbà o."

Alàgbà ní òun kò lè fo ìyá náà dá. Bó bá ní rárá, rárá ni òun yóò sọ fún kóòṣì.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní Beam Park, nínú àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ àtijọ́. Ó dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, a ò sì mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ẹnìkejì.

"Àgbà wo?" ó ní, nígbà tí mo jíṣẹ́. "Dádì mi ò sí láyé mọ́. Màmá mi ti padà sí Abẹ́òkúta. Ta ni mo fẹ́ mú dání?"

Mo bi í léèrè ohun tí mo ti fẹ́ bi í láti ọjọ́ yìí: kí ló dé tí kò fi dágbére?

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Bí mo bá wá sí pápá lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, tí Mọ́mì bá gbé oúnjẹ yẹn fún mi, mi ò ní lè lọ mọ́."

Mo fẹ́ bínú, n kò rí ìbínú náà mú. Mo ní èmi ni n ó ṣe àgbà fún un.

"Ìwọ? Àbúrò mi ló fẹ́ dàgbà fún mi?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ṣáà gbọ́ mi. Kí o tó kí ẹnikẹ́ni ní pápá, ìyá ni kí o kọ́kọ́ kí. Ẹnikẹ́ni."

"Ó ti yé mi."

Kò yé e tó. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òjò ti rọ̀, pápá ti di ẹrẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń na ara. Àwa èrò ti tò sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ìyá ajubọ́ọ̀lù sì dúró láàárín nínú sùtánà funfun, ó di agbòjò mú bí ọ̀pá àṣẹ. Ọ̀rẹ́ mi yọ láti ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Kóòṣì ló kọ́kọ́ rí i. Kóòṣì la apá, ó pè é, ọ̀rẹ́ mi sì gba iwájú ìyá kọjá, ó lọ bọ kóòṣì lọ́wọ́.

"Ẹ wò ó!" ìyá ké. "Ó rékọjá mi! Ojú mi ló ṣe rékọjá mi!"

"Ó tán," Alàgbà ní. "Ọkọ̀ ti lọ."

Mo sáré lọ fa apá aṣọ ọ̀rẹ́ mi. "Ìyá! Brọ̀, ìyá lákọ̀ọ́kọ́!" Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe rántí. Ó yí padà, ó sáré, n kò rí i kó sáré bẹ́ẹ̀ rí nínú eré kankan. Nígbà tó dé iwájú ìyá, ó nà gbalaja sínú ẹrẹ̀. Èmi ẹlẹ́bẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró kí ẹni tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún wà nílẹ̀, nítorí náà mo dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Omi tutù wọ inú ṣẹ́ẹ̀tì mi. Bàtà òjò ìyá nìkan ni mo ń rí.

Bí a ti wà níbẹ̀, mo gbọ́ ìró nǹkan wúwo tó kanlẹ̀ lẹ́yìn wa. Géńdé ará Lithuania kan wà nínú tíìmù náà, ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Ó ti rí wa tí a dojú bolẹ̀, ó rò pé kóòṣì ti ní kí a máa fi ọwọ́ ti ara wa sókè láti fi mú ara gbóná. Òun náà ti wólẹ̀. Àwọn yòókù rí i, wọ́n wólẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú akoto lórí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lóhùn rara bí wọ́n ṣe ń lọ sókè tí wọ́n ń bọ̀ nílẹ̀.

Agbòjò bọ́ lọ́wọ́ ìyá. Ó di ikùn mú. "Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbà mí! Gbogbo Dagenham ló ń bẹ̀ mí!"

"Ìyá, òyìnbó wà níbẹ̀ o!" Alàgbà ń pariwo. "Ẹ dá wọn lóhùn, wọn ò mọ̀ pé wọ́n ń bẹ̀bẹ̀!"

Ọmọbìnrin yẹn ti ń ya fídíò, ẹ̀rín kò sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín sínú ẹrẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú mi, n kò sì mọ èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì.

Nígbà tí ìyá rí èémí mú, ó ní, "Dìde." Ọ̀rẹ́ mi kò dìde. "Mo ní kí o dìde. Ní tèmi, oúnjẹ nìkan ló tutù, mo sì ti gbàgbé ìyẹn. Ẹni tí o fi sílẹ̀ gan-an ló dúró lọ́hùn-ún yẹn."

Gbogbo wa wo ibi tó nawọ́ sí. Ọmọ rẹ̀, ajubọ́ọ̀lù, nìkan ni kò wólẹ̀. Ó dá dúró láàárín pápá, ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ra.

Ọ̀rẹ́ mi rìn lọ bá a pẹ̀lú ẹrẹ̀ ní gbogbo iwájú rẹ̀. Kò tíì súnmọ́ ọn púpọ̀ tó fi dúró, ó sì la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ajubọ́ọ̀lù kò fẹ́ gbọ́. Ó fa apá sẹ́yìn, ó sì ju bọ́ọ̀lù náà kọjá lórí rẹ̀, ó jìnnà, ó le, bí ẹni tó ti fi ọjọ́ pípẹ́ gbé e mọ́ra.

Ọ̀rẹ́ mi yí padà, ó ń sáré. Ó yọ̀, ó dìde, ó tún sáré.

"Hán an!" Ìyá ló kọ́kọ́ ké, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mí. "Hán an, ọmọ mi!"

Ó nà tán síwájú, ó fi ìka ọwọ́ méjèèjì gbà á nígbà tó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀, ó ṣubú, ó yí, ó sì gbé e sókè. Alàgbà dì mọ́ mi, mo dì mọ́ ẹnì kan tí n kò mọ̀. Ariwo yẹn, kò sí ohun kankan lábẹ́ rẹ̀. Ayọ̀ lásán ni.

Ajubọ́ọ̀lù rìn lọ bá a, ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"O ti sanra," ó ní. "Tún sáré. Lọ jìnnà sí i."