Omi Inú Kòtò Kùsà

Bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ pupa tí òórùn rẹ̀ dé imú mi, adágún omi ẹ̀yìn àdúgbò wa, Angwan Rogo, ni mo máa ń rántí. Inú kòtò tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ ló wà, ó tutù, ó sì dúdú bí aró.

A ti ń yọ Bàbá lẹ́nu tipẹ́ kó tó mú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní kí a dúró létí omi. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó wọ inú omi fúnra rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ níwájú kó tó gbé ẹsẹ̀. Omi mù ún dé orúnkún, ó mù ún dé àyà. Lójijì, ọ̀pá náà wọlẹ̀ lọ, kò kan nǹkan kan.

Ó rọra fẹ̀yìn rìn padà.

"Ẹ wọ bàtà yín. Ó dilé."

"Haba, Bàbá! Ẹ̀yin ti wẹ̀ ní tiyín, àwa ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún.

 Bàbá jókòó sórí iyanrìn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé òtútù ni.

Ọjọ́ tí a sin ín ni Ìyá mi tó sọ fún wa pé Bàbá ò mọ̀wẹ̀ rárá.