Àdúrà Tí Mo Fi Parí Àpérò

Àǹtí ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Bí mo ṣe ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti dé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ìlú ní yunifásítì ní Ifẹ̀, nítorí pé ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú mi. Òun náà ń pè mí ní àbúrò. Ẹni tó bá rò pé ìfẹ́ lásán ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀, kò tíì ṣe àbúrò ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀yin ni mo ń pè é, ìwọ ni ó ń pè mí, àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ni mo ti lo iṣẹ́ ìjọba mi tán.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì lágbára, mo ṣe ìwádìí kan lórí kànga. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ kò tíì tutù, kànga kan wà lẹ́bàá ààlà tí àwọn obìnrin ìhà méjèèjì ti ń pọn omi. Kò sí ọlọ́pàá nídìí rẹ̀, kò sí káńsẹ́lọ̀. Òfin kan ni wọ́n ní: ẹni tó bá fa omi tán kò gbọdọ̀ dá garawa rẹ̀ gbé rù. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò gbé e rù ú, ìhà yòówù kó ti wá. Wọ́n lè má kí ara wọn, wọ́n tilẹ̀ lè máa bú ara wọn, ṣùgbọ́n wọn ó gbé e rù. Mo jókòó tì wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn títí wọ́n fi gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìṣàkóso gidi nìyẹn, pé ó yẹ kí àwọn tó ń ṣòfin níbòmíràn gbọ́ ọ.

Yunifásítì wa ń bá ọ̀kan lókè òkun ṣe àpérò nígbà náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi á jókòó, wọ́n á bi ara wọn léèrè: báwo lẹ ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiyín? Wọ́n gba iṣẹ́ mi wọlé. Mo lóyún. Àǹtí pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Àbúrò mi, ṣé inú bàálù lo fẹ́ bímọ sí ni?"

"Àǹtí, dókítà ní kò séwu."

"Dókítà ló máa bá ọ gbé e pọ̀n? Jókòó, jàre. Mo ti sọ fún wọn pé o ò lọ mọ́."

Òun ló lọ. Òun ló ka iṣẹ́ mi. Ó ra súwẹ́tà bọ̀ fún mi, aláwọ̀ ewé, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì kí i kú ewu. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìwé àpérò náà dé, tí mo rí i pé orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó wà lórí ọ̀rọ̀ kànga. Ẹni tó ti kúnlẹ̀ dúpẹ́ súwẹ́tà, ẹnu wo ni yóò fi ro ẹjọ́? Níwájú ta ni? Gbogbo ẹ̀ka ló mọ̀ wá sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Láti ìgbà náà, tí àlejò bá ti dé láti òkèèrè, èmi ni Àǹtí máa ń ní kó tọ́jú wọn. Èmi ni mo ń wá ibi tí wọ́n á sùn, tí mo ń mú wọn lọ wo ààfin ní Ẹnuwà, tí mo ń sọ fún wọn pé ata ọbẹ̀ yìí kò pọ̀. Bí wọ́n bá jókòó sídìí ọ̀rọ̀, mo ti wà lọ́dọ̀ àwọn alásè. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ láyé mi: kí n dúró níwájú wọn, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ̀rọ̀ kànga, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́.

Mo fẹ̀yìn tì. Mo ń gbé ní Ìlárẹ́, eékún ń dùn mí. Láìpẹ́ yìí ni àpérò náà tún kan Ifẹ̀, àwọn ará òkèèrè yóò sì máa wò wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ kékeré tó ń ṣètò rẹ̀ pè mí.

"Mà, ẹ̀yin la fi ṣe Ìyá Ọjọ́."

"Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ni o."

"Ẹ máa sọ̀rọ̀, mà. Ẹ máa sọ ọ́ títí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn."

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ọlá tí wọ́n fi ń di àgbàlagbà lókùn ni Ìyá Ọjọ́. Wọ́n fi mí sí ẹ̀yìn tábìlì gígùn tí wọ́n da aṣọ bò délẹ̀. Ògiri wà lẹ́yìn mi, ìjòyè kan wà lọ́tùn-ún, akọ̀wé àgbà ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì wà lósì. Bí mo bá fẹ́ tọ̀, odidi èèyàn ńlá mẹ́rin ni yóò dìde. Àǹtí jókòó sínú àga onítìmùtìmù níwájú, wọ́n ní òun ni ó bí àpérò náà. Ó juwọ́ sí mi.

Ìkíni bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá gba makirofóònù á ní òun kò ní tún ẹnikẹ́ni kí mọ́, á sì tún kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oyè wa. Lára ògiri ọ̀kánkán, níbi tí wọ́n tan àwòrán íńtánẹ́ẹ̀tì sí, àwọn ará òkèèrè ń wò wá. Ọ̀kan ti ń jẹ búrẹ́dì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá kan ọ̀rọ̀, ọmọ tí Àǹtí kọ́ níwèé dìde, ó ń ka kànga mi. Obìnrin òyìnbó kan bi í láti orí ògiri pé: ẹni tó kẹ́yìn ńkọ́, ta ní ń gbé tirẹ̀ rù ú?

Ọmọ náà wo Àǹtí. Àǹtí wo bàtà rẹ̀. Kò sí nínú ìwé. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà náà, torí mo fẹ́ fi pamọ́ de irú ìbéèrè yìí gan-an. Ọmọ náà ní bóyá ìjọba ìbílẹ̀ ni.

Mo nawọ́ sókè.

"Háà! Ìyá wa ń kí yín o!" ni olóòtú ètò kígbe. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ìyá wa!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo tún nawọ́, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ìjòyè ọ̀tún mi ní, "Màmá, ẹ rọra, ẹ má da ara yín láàmú."

Lẹ́yìn náà ni olóòtú ní àkókò ti tán, àwọn àlejò wa fẹ́ máa lọ, kí Ìyá Ọjọ́ fi àdúrà kúkúrú parí rẹ̀. Wọ́n na makirofóònù sí mi lórí tábìlì. Gbogbo orí tẹ̀ wálẹ̀. Kódà lórí ògiri, wọ́n dijú.

Nígbà náà ni ó sọ sí mi lọ́kàn pé kò sí ẹni tó ń já àdúrà gbà mọ́ àgbàlagbà lẹ́nu.

Mo fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀. "Olúwa, ìwọ tí o rí mi nídìí kànga yẹn nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí o mọ̀ pé èmi nìkan ni mo jókòó níbẹ̀."

"Àmín!"

"Ìwọ ni o mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀, tó fa omi tó mọ́ jù, òun ni yóò kẹ́yìn kúrò. Òun ni yóò gbé ti ẹni ìkẹyìn rù ú, yóò wá fi ọwọ́ gbé tirẹ̀ lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi jà dupò iwájú."

"Àmín o!"

"Fún àwọn tó ń ṣàkóso wa ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó bá sì mu omi ẹlòmíràn rántí ẹni tó fà á."

Àmín èyí ló le jù. Mo gbọ́ ohùn Àǹtí nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo lajú, àwọn ará òkèèrè ń juwọ́ pé ó dàbọ̀. Obìnrin tó béèrè ìbéèrè ní àdúrà náà dára púpọ̀. Ọmọ tó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ti pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé láti ìgbà tí wọ́n ti ní ká dijú. Àwòrán kúrò lára ògiri, ó ku funfun lásán.

Mo ṣì há sẹ́yìn tábìlì, mo ń dúró kí àwọn èèyàn ńlá dìde, nígbà tí Àǹtí fi ọ̀pá rẹ̀ rìn wá síwájú mi. Ó gbé ọwọ́ lé tèmi lórí aṣọ tábìlì.

"Àbúrò mi, o gbàdúrà. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe àmín sí, torí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n o ti gbàgbé, wọn kì í kọ àdúrà sílẹ̀."